Kàsímù, Ìyá Mùínàt

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Kàsímù ju búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀sà, gbogbo ará etí omi ní Ajah ló mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀dá jẹ́jẹ́ ni Kàsímù. Apẹja ni, bí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ apẹja, bí àwọn apẹja bá sì ń jà nítorí ibi tí wọn yóò ta àwọ̀n sí, òun ni yóò kó tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá bú u, ẹ̀rín ni yóò rín. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya àwọn èèyàn nígbà tí ohùn rẹ̀ ròkè láti ẹ̀yìnkùlé, tó sì dún dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ eyín ló dá a sílẹ̀.

Làtífátù, ìyàwó Kàsímù, kú nígbà tí ariwo FẸ́SÍTÁKÌ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Èkó kan. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Mùínàt, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni àánú ọmọ yìí ti ń ṣe gbogbo ayé, nǹkan dídùn ni wọ́n sì fi ń ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó bá ti Èkó dé á fún un ní bisikíìtì. Ẹni tó bá ń lọ Badore á ra súìtì bọ̀. Sìdíkàt, ẹ̀gbọ́n Kàsímù tó ń gbé Màrókò, ló wá ju gbogbo wọn lọ, nítorí bàbá dúdú ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń fi ṣúgà àti omi àgbọn sè é, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín bí oje igi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Sìdíkàt ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá wo ọmọ àbúrò rẹ̀, kì í sì í dé lọ́wọ́ òfo.

"Ọmọ tí kò ní ìyá mọ́," ni yóò wí, "ẹ jẹ́ kó rí nǹkan dídùn pọ́n lá."

Ẹnu Mùínàt kì í dilẹ̀. Ní ti fífọ ẹnu, ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é fún un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá ò sí mọ́, Kàsímù rò pé àwọn obìnrin agbo ilé ń ṣe é, nítorí òun ti máa ń wà lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn obìnrin agbo ilé sì rò pé bàbá ọmọ ń ṣe é. Báyìí ni kò ṣe sẹ́ni tó ṣe é.

Kò pé ọdún kan tí àkokoro fi mú ọmọ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kàsímù gbé e wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Dókítà wò ó, ó ní eyín náà ti kẹ̀ dé ìdí, yíyọ ni yóò yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan di orí ọmọ náà mú, èkejì di ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kàsímù sì dì í mú. Nígbà tí ẹ̀mú wọ ẹnu Mùínàt, kò wo dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò wo nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Bàbá, àwọn méjì mìíràn ti ń kẹ̀ bọ̀ o," ni nọ́ọ̀sì sọ nígbà tí wọ́n parí, ó sì na búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí i. "Àárọ̀ àti àṣálẹ́, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún ń padà bọ̀ níbí nìyẹn."

Wọn kò sọ fún un bí èèyàn ṣe ń fọ ẹnu ọmọ tí kò jẹ́ yanu. Bí Mùínàt bá ti fojú kan búrọ́ọ̀ṣì náà, yóò pa ẹnu dé bí ìṣáwùrú tí wọ́n fọwọ́ kàn. Kàsímù bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó ṣèlérí aṣọ Iléyá. Ibi tí ó bá ti ń bẹ̀ ẹ́ náà ni ọmọ yóò ti máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi kan ògiri.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Sìdíkàt dé, ó sì sùn sí Ajah. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Kàsímù ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ igbe tó mú kó fi ẹja sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tó sì sáré. Ó bá Sìdíkàt lẹ́yìnkùlé tó jókòó lórí àpótí, ó fi itan méjèèjì ki Mùínàt mọ́lẹ̀, obìnrin agbo ilé kan sì di ọwọ́ ọmọ náà mú sẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìfófòó tó ń jáde níbẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

"Má dá mi dúró, ó kù díẹ̀," ni Sìdíkàt wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ kì í mọ ohun tó máa ṣe é lóore. Nígbà tí o ò lè ṣe é, àwa á bá ọ ṣe é."

Kàsímù gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn dé etí omi, ó sì jù ú jìnnà débi tí apá rẹ̀ gbé e dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí nígbà tó padà dé ẹ̀yìnkùlé, ohùn rẹ̀ sì ròkè. "Èmi náà ti di ọmọ yìí mú mọ́lẹ̀ rí, l'ọ́sibítù. N kò ní ṣe é mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò ní fi ipá ki ọwọ́ bọ ẹnu Mùínàt mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé."

"Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí? Èmi tí mo pọ̀n ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Sìdíkàt so gèlè rẹ̀ le, ó wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra, ó bá tirẹ̀ lọ sí Màrókò.

Ó rọrùn láti ju búrọ́ọ̀ṣì nù. Ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni Kàsímù kò mọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wọ omi mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó sórí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn, á máa run orín. Mùínàt á dúró lókèèrè, á máa wò ó bí ẹni ń wo ajá tí kò dá a lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Kàsímù ya ẹnu gbàgà, ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn eyín rẹ̀, ó sì sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Nǹkan kan há sí mi léyín. N kò rí i. Àfi kí ẹnìkan bá mi wò ó."

Ọmọ náà kò mira.

"Ó dà bíi pé edé ni," ni Kàsímù wí. "Ó ń mira o."

Mùínàt rìn wá díẹ̀díẹ̀. Ó di etí bàbá rẹ̀ mú, ó yọjú sínú ẹnu rẹ̀.

"N ò rí edé."

"Wò ó dáadáa. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Gba orín yìí, fi tú u síta."

Ó gba orín. Ó gún bàbá rẹ̀ lérìgì. Kàsímù ké, ó yí lulẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta iyanrìn. Mùínàt tẹjú mọ́ ọn, ó ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò rín láti ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé.

"Ẹ má sunkún!" ló jágbe mọ́ ọn, ohùn nọ́ọ̀sì ọjọ́sí gan-an ló fi sọ ọ́. "Ẹ yanu! Ẹ tún yanu sí i!"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Mùínàt fi fọ ẹnu bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò láàánú. Ó ń gbo eyín bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná. Kàsímù ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sá, Mùínàt ń lé e ká etí omi pẹ̀lú orín lọ́wọ́. Kàsímù kò sọ ohunkóhun nípa ẹnu tirẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Mùínàt dúró, ó fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀.

"Tèmi ńkọ́?"

Díẹ̀ ló kù kí Kàsímù gbá ọmọ náà mọ́ra. Àmọ́ ó ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ lógún.

"Tìrẹ kẹ̀? Ìwọ lo ni tìrẹ. Ṣé èmi ni mo ń fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni?"

Gbogbo ọmọ Ajah ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lómi, ẹrẹ̀ àti ewé omi á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, á wúwo, kò ní sáré mọ́. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á gbo ó títí yóò fi dán. Kàsímù mú orín tínrín kan, ó fi òkúta lu orí rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí òwú, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní eyín kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́nu rẹ̀, ọkọ̀ ni. Àwọn ti òkè, wọ́n dojú dé. Àwọn ti ìsàlẹ̀ gúnlẹ̀ sẹ́bàá omi. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ọmọ sì ń fi ẹnu tó kún fún orín dá a lóhùn:

"Ta ló lọkọ̀ yìí o?"

"Èmi ni!"

"Kí ló wà nídìí rẹ̀?"

"Ẹrẹ̀ ni!"

"Gbo ó, ọlọ́kọ̀, gbo ó!"

Bí ó bá gbo ó tán, Kàsímù á bu omi kànga fún un, á kígbe pé, "Omi kún o!" Mùínàt á gba omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á wú, á máa mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Omi fà o!" Á tu ú dànù. Wọ́n á wo ibi tí omi ẹnu rẹ̀ balẹ̀ sí, bàbá rẹ̀ á fi igi sàmì sí i lórí iyanrìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò tu ú kọjá ibẹ̀ lọ́la.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi sọ Kàsímù ní orúkọ. Gàníyù, apẹja tí wọ́n jọ dàgbà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń ti orí omi bọ̀ lọ́jọ́ kan, oòrùn ti yọ, ó rí Kàsímù lórí ìkúnlẹ̀ tó yanu fún ọmọdé.

"Ìyá Mùínàt!" ló pè é láti inú ọkọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ilé o! Ṣé ẹ ti pọnmi?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Wọ́n retí pé ojú á tì í. Kàsímù dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀.

"Hòo!" ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ròkè ju tiwọn lọ. "Èmi ni Ìyá Mùínàt. Ìyá rẹ̀ kú, mo sì gba ipò rẹ̀. Ta ló tún fẹ́ pè mí? Ẹ pè mí dáadáa, kí n lè máa jẹ́ ẹ!"

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀ ni yóò ń jẹ́. Kò ju ọjọ́ méjì lọ kí àwọn ọmọ Gàníyù fúnra rẹ̀ tó wá. Sìmbíátù, ìyàwó Gàníyù, ló rán wọn, ó di orín mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ bínú. Sìmbíátù dá a lóhùn pé, "Tí ìwọ bá lè mú wọn fọ ẹnu láìsí ẹkún, pè wọ́n padà." Gàníyù kò pè wọ́n padà. Nígbà tí oṣù fi máa parí, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ló ń tò sétí omi láràárọ̀, tí wọ́n ń jà nítorí ẹni tí omi ẹnu rẹ̀ lọ jìnnà jù.

Ìròyìn yìí dé Màrókò. Sìdíkàt kò gbọ́ ti eyín. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n ń pe àbúrò òun ní obìnrin. Ó wá bá Bàbá Àlàní, olórí ẹbí wọn ní Ajah, wọ́n sì pe Kàsímù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Kàsímù dọ̀bálẹ̀. Mùínàt kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní oòrùn ti máa ń kan àtàrí kó o tó wọ omi," ni Bàbá Àlàní bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní eré ọmọdé lò ń ṣe nínú iyanrìn. Wọ́n ń fi orúkọ obìnrin pè ọ́, o sì ń jẹ́ ẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọbìnrin kì í dàgbà lọ́wọ́ ọkùnrin. Sìdíkàt á mú un lọ sí Màrókò. Òun lá á tọ́ ọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Kàsímù wí. "Ẹ má bínú. Kò ní lọ."

Kò sẹ́ni tó ń fún Bàbá Àlàní lésì bẹ́ẹ̀.

"N kò bi ọ́ bóyá yóò lọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo ń sọ ọ́." Ó dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Nígbà tí eyín rẹ̀ ń kẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Gbogbo wa là ń fún un ní nǹkan dídùn lá, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá dúdú tiyín ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Àánú ni a fi ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, a wá fẹ́ fi ipá tún un ṣe. Ní báyìí tó ti ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, tó ń fi ẹ̀rín fọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni ẹbí rántí pé ọkùnrin ni mí."

"Ò ń fi mí sùn níwájú àwọn àgbà?" Omi ti lé ròrò lójú Sìdíkàt. "Ìfẹ́ ni mo fi ń gbé e wá."

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. N kò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́."

Bàbá Àlàní fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Kàsímù, ọkọ̀ tí ò ń wà yẹn, ti ta ni?"

"Ti ẹbí ni, Bàbá."

"Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣé ó yẹ kó máa wa ọkọ̀ ẹbí?"

Kàsímù dìde. Ó jáde. Àwọn tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rò pé ó lọ rò ó wò ni. Nígbà tó padà dé, àjẹ̀ ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àjẹ̀ tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti jẹ dán. Ó fi í lélẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú Bàbá Àlàní, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì lọ sílé.

Ó sunkún nígbà tó délé. Apẹja tí kò ní ọkọ̀, kí ni yóò máa pe ara rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́fà ló fi jókòó sétí omi, tó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún àwọ̀n ṣe. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọmọ á tò, Kàsímù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè, "Ta ló lọkọ̀ yìí o?" Ní ọjọ́ keje, Gàníyù wá dúró tì í, ó ń fa ìka ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹni tí a jọ ń wa ọkọ̀ ti lọ sí Ẹ̀pẹ́," ni ó wí. "Mo nílò èèyàn."

"Mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gbéra kí àwọn ọmọ tó fọ ẹnu."

"Kàsímù! Ẹja ò ní dúró de eyín ọmọ!"

"Nígbà náà, wá ẹlòmíràn."

Gàníyù wo omi, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ń fi omi ẹnu bá ara wọn díje. Ó pòṣé. "Kí wọ́n ṣáà tètè jí," ni ó wí.

Àwọn ọmọ sì ń tètè jí. Kí ìmọ́lẹ̀ tó tàn tán ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn Kàsímù.

Ó tó oṣù méje kí Sìdíkàt tó tún fẹsẹ̀ kan Ajah. Kò kí àbúrò rẹ̀ délẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó pe Mùínàt sọ́dọ̀.

"Yanu kí n wò ó."

Mùínàt, tó ti lé ní ọmọ ọdún márùn-ún báyìí, ká ọwọ́ lẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà, ẹ yanu kí n wo tiyín."

"Èmi? Ìwọ ọmọdé yìí?"

"Bí ẹ ò bá yanu, èmi náà ò ní yanu."

Sìdíkàt yíjú sí Kàsímù pé kó bá ọmọ rẹ̀ wí. Kàsímù ń di àwọ̀n lọ, kò gbójú sókè. Obìnrin ńlá yẹn tẹ orí ba, ó sì ya ẹnu. Mùínàt di etí rẹ̀ mú, ó yọjú wọ inú rẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá," ló kígbe, "iṣẹ́ wà níbí o!"

Ẹ̀rín gba ẹnu Sìdíkàt kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín òun àti àbúrò rẹ̀ kò tán lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Àlàní ránṣẹ́ pé Kàsímù lè wá mú ọkọ̀, bó bá lè wá tọrọ àforíjì níwájú ẹbí. Kàsímù ní kí wọ́n bá òun kí Bàbá, pé òun ń bọ̀ wá kí wọn ní Jímọ̀, bí òun ṣe máa ń kí wọn, ṣùgbọ́n àforíjì kò sí lẹ́nu òun. Ó lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà wọn, ó sì padà sínú ọkọ̀ Gàníyù. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ fún un pé orí kunkun ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bóyá. Ó ní láyé òun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni òun ṣe orí kunkun rí, òun kò sì rí ìdí tí òun fi máa dá a dúró.